Ọjọ́ Tí Mo Yọwọ́ Nínú Abọ́

Dókítà tó sọ fún mi pé ọkàn mi kò dá ṣáṣá mọ́ kò dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó fi ohun tútù kan kàn mí láyà, ó ní kí n mí sínú, kí n mí síta. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n sì fi wáyà mọ́ mi láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fa iná mọ̀nàmọ́ná wọ ilé tuntun. Nígbà tí ìwé jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ó wò ó títí. Inú ti ń bí mi kó tó sọ̀rọ̀, nítorí n kì í fẹ́ kí ọmọdé máa wo ọ̀rọ̀ mi títí kó tó fèsì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Mo ń lo oògùn mi, mo ti jáwọ́ nínú ṣúgà, n kì í sì í fẹnu kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò bó ti wù kí ayẹyẹ náà tóbi tó. Lójú tèmi, èmi àti àìsàn náà ti parí ọ̀rọ̀. Dókítà ní rárá o. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bó bá ti pẹ́ lára, a máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn jẹ́. Ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ wọn nínú, ọ̀nà á máa fún. Ó ní ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára, débi pé ọkàn ẹlòmíràn nínú wa lè ti wà nínú ewu kí àyà má sì dùn ún rárá. Á kàn máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá ni, tàbí kí èémí rẹ̀ máa gé, tàbí kó máa làágùn níbi tí oòrùn kò sí.

Ó wá béèrè pé báwo ni mo ṣe ń mú ara ṣiṣẹ́. Mo ní ahunṣọ ni mí, n'Ísẹ́yìn níbí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tẹ òfì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, irú iṣẹ́ wo ló tún kù tí ẹsẹ̀ yóò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó ni o.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó bá rò pé ìjókòó lásán ni iṣẹ́ òfì, kó wá jókòó sí i fún ọjọ́ kan, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa lálẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo rò ó wò. Ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀, ìdí kò kúrò lójú kan. Òwú tí mo ta síwájú ló ń wọ́ bọ̀ wá bá mi, èmi kì í rìn lọ bá a. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti ń pe ìyẹn ní ìrìn.

Ìrìn ṣì rọrùn. Oúnjẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà ní kí n dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ kó ìdajì abọ́, kí ẹ̀wà àti ẹja gba ipò ẹran ọlọ́ràá, kí n sì fi iyọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ó ní báwo ni òkèlè tí mo ń jẹ lọ́sàn-án ṣe máa ń pọ̀ tó. Mo ní n kò mọ̀. Ó rò pé mo ń ṣàgídí. Òtítọ́ ni mo sọ. Nínú àgọ́ òfì tiwa, abọ́ kan ṣoṣo la fi ń jẹun ọ̀sán. Ilé kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò sè é wá. Bí abọ́ bá ti dé, a ó fi ọ̀kọ̀ tí a fi ń ta òwú sílẹ̀, a ó ṣanwọ́, a ó sì yí i ká. Iyán ni lọ́pọ̀ ìgbà, torí iṣu kì í wọ́n wa ní Òkè-Ògùn, ilé tí kò bá sì gún iyán ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹnu á kùn ún. Kò sí ẹni tó mọ iye tí òun jẹ. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ń falẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gé iyán tì sí iwájú rẹ̀, á tún ti ẹran mọ́ ọn. Bí a ṣe ń fẹ́ràn ara wa nìyẹn, a kì í fẹnu sọ ọ́.

Ẹni tó máa ń ti iyán sí iwájú mi ni ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ara wa la sì ń ta òfì sí láti ìgbà tí a ti gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ní àtọ̀gbẹ. Ó ti pẹ́ tó ti pa oògùn òyìnbó tì, àgbo ewúro ló ń mu, a sì máa fi oyin gidi sí i kó lè lọ lọ́nà ọ̀fun. Bí mo bá bá a wí, á ní oyin kì í ṣe ṣúgà, pé kòkòrò ló ṣe é, kì í ṣe òyìnbó. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa jẹ díẹ̀ nínú abọ́ náà. Kò ṣe é ṣe. Bí mo bá ṣe ń yọwọ́ ni wọ́n ń ti òmíràn sí mi. Bí mo bá ṣanwọ́ ṣáájú, wọ́n á ní ṣé inú ń bí mi ni. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n mi orí, wọ́n sì tún ti ẹran sí mi. Nígbà tó yá, mo se ẹ̀wà nílé, mo ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ púpọ̀ sí i pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, mo bù ú sínú kúlà kékeré, mo gbé e lọ sí àgọ́. Nígbà tí abọ́ ọ̀sán dé, mo ṣí tèmi. N kò tilẹ̀ wò ó pé ilé ta ni ọjọ́ kàn.

Ilé ọ̀rẹ́ mi ni.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ẹni tó ti ń bá ọ jẹun láti ìgbà èwe bá ṣàdédé yọwọ́, ohun méjì péré ló lè máa sọ: ó ń bá ọ jà, tàbí kẹ̀, ó ń bẹ̀rù ohun tí ìyàwó rẹ fi sínú ọbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wo kúlà mi, ó wo ojú mi. Ó ní, “Ṣé ìyàwó mi ló wá di ẹni tí yóò pa ọ́?”

Mo dáhùn pé kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, iyán rẹ̀ ni. Lójú tèmi, àwàdà ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, ohun tí mo ní lọ́kàn láti sọ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe dé etí rẹ̀ nìyẹn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Èmi náà kì í ṣe ẹni tí í bẹ̀bẹ̀ nígbà tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, mo ní bó bá wù ú, kó máa gbé e ká. Ẹnu ẹni la sáà fi ń kọ mé-è-jẹ.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà mi lọ sẹ́yìn àgọ́ lọ́sàn-án, lábẹ́ igi kaṣú, kí n má baà máa jẹun lójú wọn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ibẹ̀. Mo ń mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn, mo ń mọ ìgbà tí ẹran bá kan ẹni tí kò yẹ kó kàn. Ẹ̀wà tí kò ní iyọ̀ kì í dùn rárá, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìdùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n lè gbé e mì nígbà mìíràn. N kò mọ̀ ṣáájú ìgbà náà pé ènìyàn lè máa jẹun kí ó sì máa ronú pé òun nìkan ni òun wà láyé.

Ìyàwó mi kò sí nílé. Ó ti lọ sí Èkó láti bá ọmọ wa obìnrin wẹ ọmọ. Ó ní oṣù díẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ti di ìyá àgbà mọ bí oṣù díẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe máa ń rí. Ọmọ á fẹ́ hu eyín, wọ́n á ní kí ìyá dúró títí yóò fi hù ú. Bó bá hu eyín tán, wọ́n á ní kó dúró kó rìn. Orí fóònù ló ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ á máa ké lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ní gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Á ní, “Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?” Màá ní mo ti jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ilé á tún dákẹ́, màá máa gbọ́ bí àwọn ewúrẹ́ ará ilé kejì ṣe ń fara nu ògiri mi.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo ń rìn. Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n máa fi kún un, kí ó jẹ́ ìrìn tí mo ṣì lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí n kò ní lè kọrin. Mo fẹ́ràn ìmọ̀ràn yẹn, àmọ́ n kò ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ kí n fi dán an wò. Ojú ọ̀nà Adó-Àwáyè ni mo ń gbà, níbi tí ilé ti ń tán tí ọ̀dàn sì ń ṣí sílẹ̀, tí èèyàn ń rí àwọn òkè ní ọ̀ọ́kán. Bí ó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́, òkè wọ̀nyẹn kì í hàn, ẹ̀yìn màlúù àwọn darandaran nìkan lèèyàn ń rí nínú kùrukùru.

Kí àgbàlagbà máa fẹsẹ̀ rìn láìsí ọkọ́ léjìká, láìsí ẹrù lórí, láìsí ibi tó ń lọ, kì í ṣe ohun tí ojú wa mọ́ níbí. Àwọn ọlọ́kadà á dúró, wọ́n á ní kí n gòkè, pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀. Bí mo bá ní eré ìdárayá ni mò ń ṣe, wọ́n á wo ara wọn lójú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìròyìn ti dé Èkó. Ọmọ mi pè mí, ó ń sunkún, ó ní wọ́n sọ fún òun pé bàbá òun ń rìn káàkiri ojú títì láàárọ̀, ṣé àwọn ti ṣe ohun tó dùn mí ni. Mo bá a ṣàwàdà títí ó fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ejò nìkan.

Ara mi ń fúyẹ́. N kò ní purọ́. Òkè tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa, tí mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gùn ún, mo ti ń gùn ún láìdúró.

Láti ibi tí mo ń jókòó sí nídìí òfì, bí mo bá yí ojú díẹ̀, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo ń rí. Mo mọ ọwọ́ náà ju ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tó di inú ọyẹ́, mo rí i pé ọwọ́ náà ti ń lọ́ra. Á ju ọ̀kọ̀ díẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, mo rí òógùn lórí imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa tó kù da aṣọ bo èjìká nítorí òtútù. Ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Ẹ̀rù bà mí dé ìdí. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ni mo ń wò lójú mi yìí.

Mo dìde lórí òfì, mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti jìnnà. Mo ní, “Ọ̀rẹ́, dìde. Ọsibítù là ń lọ.”

Kò gbé ojú sókè. Ó ní ó rẹ òun ni, oorun kò tó òun. Mo béèrè bóyá àyà ń dùn ún. Ó ní rárá. Mo ní ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn àwa alátọ̀gbẹ. Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, “Ẹni tí kò lè bá mi jẹun, kí ló kàn án nínú ara mi?”

Ọjọ́ ilé tirẹ̀ ni lọ́jọ́ náà. Abọ́ ti dé, ó wà lórí ẹní, wọn kò tíì ṣí i. Mo wo àwọn yòókù, wọ́n wolẹ̀. Mo ní, “Bí mo bá jẹun, ṣé wàá dìde?” Ó ní, “Kọ́kọ́ wá jẹun ná.”

Mo ṣanwọ́. Mo jókòó sí ipò mi àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á. Mo gé òkèlè, mo fi kan ọbẹ̀, mo gbé e sẹ́nu.

Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀.

Mo tún wò ó dáadáa. Ẹ̀fọ́ ló kún abọ́ ọbẹ̀ náà, epo rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹja ló wà níbi tí ẹran máa ń wà. Iyán náà kò ju ti ọmọdé lọ, ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ojú sókè. Ẹni tó kéré jù nínú wa bá mi ṣàlàyé pé ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ o, pé bí ọjọ́ bá ti kan ilé bàbá yìí, ohun tí àwọn ń jẹ nìyẹn, àwọn ti ráhùn títí. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti pe ìyàwó mi ní Èkó, pé ó ti bi í léèrè ohun tí dókítà ní kí n máa jẹ. Láti ìgbà náà ló ti ń sè é wá, tó ń retí kí n yọjú láti ẹ̀yìn àgọ́ kí n tọ́ ọ wò. Èmi ń bẹ lábẹ́ igi kaṣú, mò ń bínú.

Mo kàn ń jẹ ẹ́ ni, omi ń bọ́ lójú mi sínú abọ́. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́, ó ti ẹja sí iwájú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó yá, gbé mi lọ.”

Dókítà ọmọdé yìí náà ló gbà á. Wọ́n fi wáyà mọ́ ọn láyà, ojú dókítà sì yí padà. Ó ní ọkàn náà ti fara gbá, pé kì í ṣe lónìí, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ó ní bí ó bá ti ń dùn ún ni, ìbá ti tètè wá. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ara rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ níbẹ̀, a ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ó kù dẹ̀dẹ̀ kó wálé. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn tó kù ní àgọ́ ti lọ fún àyẹ̀wò, àyàfi ẹnìkan tó ní òun kò fẹ́ mọ̀. Abọ́ wa ṣì ń jáde lọ́sàn-án, wọ́n sì ti ń bù ú sí àwo kálukú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ń jókòó láàárín wọn, mo ń jẹ ìwọ̀n tèmi. Ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ṣófo.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò tèmi pé, dókítà wo ìwé náà títí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn mi ń ṣe dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀, ṣúgà ti wà níbi tó yẹ kó wà. Ó ní kí n má dá ìrìn náà dúró. Mo jáde bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, mo fa fóònù yọ lápò, ọwọ́ mi sì ti tẹ ìpè kí orí mi tó rántí ẹni tí mo ń pè.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló gbé e. Ó ní, “Ṣé kò sí o?” Mo ní kò sí, pé ọsibítù ni mo ti ń bọ̀. Ó béèrè ohun tí dókítà wí, mo sì sọ fún un.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ní, “Nígbà tí a wà n'Íbàdàn, ó ní bí òun bá délé, ẹ̀yin àti òun lẹ óò jọ máa rìn láàárọ̀. Ó ní kí n lọ ra bàtà fún òun, mo sì rà á. Ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ṣé ẹ lè wá gbé e, kí ẹ máa fi rìn?”

Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi tóbi ju tèmi lọ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, èmi náà mọ̀. Mo ní mò ń bọ̀ wá gbé e.